Báwo Ni Nǹkan Yìí Ṣe Máa Bàjẹ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé dísáìnì wá pé kí n bá òun wò ó: báwo ni nǹkan yìí ṣe máa bàjẹ́? Ojú ọ̀pọ̀ wọn máa ń fà ro, wọ́n á ní rárá o, kò lè bàjẹ́, mo ti ṣe é kó lágbára gan-an ni. Ìdáhùn yẹn gan-an ló máa ń bà mí lẹ́rù. Kò sí nǹkan téèyàn fọwọ́ ṣe tí kò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe dísáìnì ni kó pinnu ibi tó ti máa bàjẹ́, bó ṣe máa bàjẹ́, ẹni tó máa wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn, àti bóyá nǹkan náà máa ta èèyàn lólobó kó tó lọ. Tẹ́ ò bá pinnu ẹ̀ fúnra yín, irin àti afẹ́fẹ́ àti ooru máa bá yín pinnu ẹ̀.

Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà bàjẹ́ sì pọ̀ ju kó kàn ṣẹ́ sí méjì lọ. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ débi tí ilẹ̀kùn tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò fi ní ṣí mọ́, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹ́. Ó lè dípẹtà, ó lè jẹ, ó lè gbóná jù. Ó sì lè máa gbọ̀n. Afárá Tacoma Narrows ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, July 1, 1940 ni wọ́n ṣí i, November 7 ọdún kan náà ló já sómi, afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn ò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 65 ní wákàtí kan lọ. Àwọn tó ṣe é ti ṣírò ẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, afẹ́fẹ́ tó kàn ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí wọn ò ṣírò ni pé afẹ́fẹ́ lè mú kí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa lọ́ síwá lọ́ sẹ́yìn, kí lílọ́ yẹn sì máa fa agbára sí i láti ara afẹ́fẹ́ náà, kó máa pọ̀ sí i ṣáá títí tó fi já. Agbára ò jẹ́ ìṣòro wọn. Ọ̀nà ìbàjẹ́ kan ni wọn ò rò kàn.

Ibi témi máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹrù. Ẹrù wo ló máa bọ́ sórí nǹkan yìí, ibo ló sì máa gbà dé ilẹ̀? Ẹ fọwọ́ tọ ọ̀nà ẹrù náà lórí àwòrán láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, ẹ má fo ìdè kankan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so nǹkan méjì pọ̀, ẹ má sọ pé ibí yìí bọ́ọ̀tì lásán ni, torí ojú ìdè ni nǹkan ti sábà máa ń já, àárín irin ọ̀hún gan-an kì í sábà ní wàhálà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé èyí tó máa ń dùn mí jù. Ní July 17, 1981, ní hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, Amẹ́ríkà, afárá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n so kọ́ sínú gbọ̀ngàn já lulẹ̀ lórí àwọn èèyàn tó pé jọ síbẹ̀ fún ijó. Èèyàn 114 ló kú, àwọn tó fara pa ju 200 lọ. Afárá ìpele kejì wà lábẹ́ ti ìpele kẹrin gan-an, ọ̀pá irin ni wọ́n fi so méjèèjì kọ́ láti òkè. Nínú dísáìnì àkọ́kọ́, ọ̀pá gígùn kan náà ló máa tòkè wá, á gba inú bíìmù afárá òkè kọjá, á dé ti ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan á wá gbé afárá tiẹ̀. Àwọn tó máa rọ irin náà rí i pé iṣẹ́ ńlá ni, torí wọ́n máa ní láti gé tírẹ́ẹ̀dì sára ọ̀pá gígùn yẹn kí nọ́ọ̀tì tòkè tó lè yí dé ibi tó yẹ, ni wọ́n bá dábàá pé kí wọ́n pín ọ̀pá náà sí méjì, kí ọ̀kan tòkè dé afárá ìpele kẹrin, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti afárá ìpele kẹrin yẹn dé ti ìpele kejì. Téèyàn bá fojú lásán wò ó, nǹkan kan náà ni, irin ò dín, ó tiẹ̀ rọrùn láti tò. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ tọ ọ̀nà ẹrù náà báyìí. Nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ bíìmù afárá òkè, tó jẹ́ pé afárá kan ṣoṣo ló yẹ kó gbé, ti di ẹni tó ń gbé méjì. Afárá ìsàlẹ̀ ò so mọ́ òkè mọ́, ara afárá òkè ló so mọ́. Ẹrù di ìlọ́po méjì lójú ìdè kan ṣoṣo, àwọn ẹnjiníà fọwọ́ sí àwòrán náà, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣe ìṣirò tuntun fún un.

Nígbà tí wọ́n wá wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé kódà ìdè inú dísáìnì àkọ́kọ́ yẹn pàápàá, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ohun tí òfin ìkọ́lé ìlú náà béèrè ló lè gbé. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ti ṣírò ojú ìdè yẹn dáadáa látilẹ̀ wá, oníkálukú rò pé ẹlòmíì ti ṣe é. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn fáwọn àbúrò tó ń wọ iṣẹ́ yìí pé àyípadà kékeré ò sí nínú dísáìnì àfi téèyàn bá ti tún ọ̀nà ẹrù tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i tó sì rí i pé lóòótọ́ ló kéré. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé ẹ̀gbọ́n ṣé a lè yí kiní yìí padà díẹ̀, kò burú, ó lè jẹ́ pé àbá ẹ̀ dáa ju tiyín lọ, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ ju àwa tá a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹ sọ fún un pé ẹ máa pè é padà, kẹ́ ẹ lọ ṣe ìṣirò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun kejì tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí nǹkan lágbára àti kó máà tètè tẹ̀. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹnì kan á ní bíìmù òun ń tẹ̀ jù, òun fẹ́ lọ ra irin tó le jù èyí lọ. Owó ẹ̀ á kàn ṣòfò ni! Irin tó lówó lórí àti irin tí ò lówó lórí, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tó le jù kàn máa pẹ́ kó tó ṣẹ́ tàbí kó tó tẹ̀ tí kò ní padà mọ́ ni. Ohun tó máa dín títẹ̀ kù ni bẹ́ ẹ ṣe gbé e àti bẹ́ ẹ ṣe ṣe ìrísí ẹ̀. Ẹ mú pákó tó fẹ̀ ní milimítà 200 tó sì nípọn ní milimítà 50, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lórí òpó méjì, kẹ́ ẹ wá gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lórí òpó méjì yẹn kan náà. Èyí tó dúró ní ẹ̀gbẹ́, títẹ̀ ẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú 16, ẹrù tó lè gbé kó tó ṣẹ́ á sì jẹ́ ìlọ́po 4. Pákó kan náà o, ẹ ò fi kọ́bọ̀ kún un. Ìdí ni pé gíga bíìmù láti òkè dé ìsàlẹ̀ la máa ń sọ di ìlọ́po ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìṣirò títẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìdí nìyẹn tí irin bíìmù fi ní ìrísí lẹ́tà I, wọ́n kó irin jọ sókè àti sísàlẹ̀ níbi tó ti wúlò, wọ́n dín ti àárín kù. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá rí dísáìnì tó fi ìrísí yanjú ìṣòro dípò kó fi irin rẹpẹtẹ yanjú ẹ̀.

Ooru náà ńkọ́? Irin tó gùn ní mítà 100, tí ooru ẹ̀ bá fi dígírì 30 lọ sókè, á gùn sí i ní nǹkan bíi milimítà 36. Tẹ́ ẹ bá fún un láyè, kò sí wàhálà, ìyẹn ni àlàfo tá a máa ń rí lójú afárá. Tẹ́ ẹ bá dè é mọ́lẹ̀ lórí méjèèjì, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohun tẹ́ ẹ fi dè é pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi newton 72 lórí gbogbo milimítà kan níbùú lóròó, kò sì sẹ́ni tó gbé ẹrù kankan lé e o, oòrùn lásán ni. Bákan náà ni wíwọ̀n. Kò sí ọ̀pá tó jẹ́ milimítà 50 gééré láyé yìí, ó máa fi díẹ̀ lé tàbí kó fi díẹ̀ dín, tẹ́ ẹ bá sì to nǹkan márùn-ún léra, tí ìkọ̀ọ̀kan lè fi 0.2 milimítà lé tàbí dín, àpapọ̀ wọn lè fi odindi milimítà kan lé tàbí dín. Ẹni tó ń ṣe dísáìnì gbọ́dọ̀ sọ iye tó lè gbà á láyè, kó sì máà béèrè ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ, torí bí ẹ bá ṣe ń dín àyè yẹn kù tó bẹ́ẹ̀ náà lowó ẹ̀ á ṣe máa gun òkè.

Ó wá kan àlékún agbára tá a máa ń fi sínú ìṣirò, tá a bá ní nǹkan máa gbé ẹrù kan, a óò ṣe é kó lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó já. Fún ara ọkọ̀ òfúrufú, ìlọ́po 1.5 ni wọ́n sábà máa ń lò. Fún okùn irin tó ń gbé lífítì èrò, ó máa ń ju ìlọ́po 7 lọ. Kí ló dé tí ọkọ̀ òfúrufú tó ń fò lójú ọ̀run fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Torí pé gbogbo kílò tẹ́ ẹ bá fi kún un ló máa gbé fò, ẹrù ara ẹ̀ á pa á, wọ́n wá fi ìṣirò tó jinlẹ̀, ìdánwò tó pọ̀ àti àyẹ̀wò lóòrèkóòrè rọ́pò irin tó nípọn. Okùn lífítì ní tiẹ̀ ń yí lórí kẹ̀kẹ́ irin tó ń fà á lójoojúmọ́, ó ń jẹ, wáyà inú ẹ̀ ń já níkọ̀ọ̀kan, àlékún náà máa gba gbogbo ìyẹn mọ́ra. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe oògùn téèyàn kàn máa bù sórí nǹkan tí kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ ẹrù tó ń bọ̀, kò sí iye tó fi kún un tó lè gbà á sílẹ̀.

Afárá Quebec ní Kánádà jẹ́rìí sí i. Wọ́n ti fa àárín afárá náà gùn láti ẹsẹ̀ bàtà 1,600 sí 1,800, wọn ò sì padà ṣírò ìwúwo ẹ̀ dáadáa lásìkò, nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé ó wúwo ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, irin ti wà lókè. August 29, 1907 ló wó, èèyàn 75 lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ló kú. Ẹrù tó pa á ni ìwúwo ara ẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fi irin kún nǹkan kó lè lágbára sí i, ẹ ti fi ẹrù kún un náà nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀rẹ̀ ìṣirò, dísáìnì kì í lọ tààrà látòkè délẹ̀, àyíká ló ń yí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn iṣẹ́ yìí ni ti ọkọ̀ òfúrufú Comet ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1954, méjì nínú wọn fọ́ lójú òfúrufú láàárín oṣù mélòó kan síra wọn, bí gbogbo nǹkan ṣe ń lọ geere. Irin máa ń rẹ̀ o. Ohun tí ò lè já a tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá ń fà á tẹ́ ẹ ń dẹ̀ ẹ́ nígbà ẹgbẹ̀rún, ó lè sán níbì kan tójú ò lè rí, kí sísán yẹn máa gùn díẹ̀ díẹ̀, kó wá ya lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yẹn bá gòkè ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń tì í síta, tó bá sọ̀ kalẹ̀ á dẹ̀. Ní igun ihò tí wọ́n gé fún fèrèsé, ibẹ̀ ni gbogbo agbára yẹn ń kóra jọ sí. Wọ́n gbé odindi ọkọ̀ kan sínú táǹkì omi ńlá ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi omi tì í, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, tó bá a ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ mu, nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi máa tó nǹkan bí ìgbà 3,000, ó ya.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀ kí méjì yẹn tó fọ́! Apá ara ọkọ̀ tí wọ́n dán wò nígbà yẹn fara da á nígbà 16,000. Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àárẹ̀ yẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ ti apá kan náà pẹ̀lú ìlọ́po méjì agbára tó yẹ kó gbé, láti rí i bóyá ó lágbára. Ìtì àkọ́kọ́ yẹn mú kí irin tó wà ní igun fèrèsé nà díẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́, irin tó yí ibẹ̀ ká fún un pọ̀, ìfúnpọ̀ yẹn ò wá jẹ́ kó tètè sán. Àwọn ọkọ̀ tí èrò wọ̀ ò rí irú ẹ̀ gbà. Ohun tí wọ́n dán wò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n tà, kò sì sí ẹni tó purọ́, kò sì sí ẹni tó ṣe ọ̀lẹ. Tí mo bá rí ìwé ìdánwò báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni ìtàn nǹkan tí wọ́n dán wò: ibo ló ti wá, kí lẹ ti ṣe sí i tẹ́lẹ̀, ṣé bí èyí tẹ́ ẹ máa tà ṣe rí ló rí?

Ó dáa, tá a bá ti gbà pé nǹkan máa bàjẹ́, ọgbọ́n tó kù ni ká jẹ́ kó bàjẹ́ síbi ire. Elisha Otis dúró lórí lífítì ní New York lọ́dún 1854 lójú gbogbo ayé, ó ní kí wọ́n gé okùn ẹ̀. Okùn já, lífítì ò já. Ohun tó ṣe rọrùn láti sọ: wíwúwo lífítì lórí okùn ló ń tẹ sípíríǹgì kan mọ́lẹ̀, bí okùn bá ti já, sípíríǹgì á nà, á ti irin sínú eyín tó wà lára ojú ọ̀nà lífítì náà. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni rántí tẹ nǹkan kan. George Westinghouse náà ṣe irú ẹ̀ sí bíréèkì ọkọ̀ ojú irin ní àwọn ọdún 1870, ó yí i padà pé afẹ́fẹ́ inú páìpù kọ́ ló ń mú ọkọ̀ dúró mọ́, òun ló ń jẹ́ kó máa lọ, tí páìpù bá já, bíréèkì gbogbo wágùnù á di mú fúnra wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀nà ìronú yìí ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ, torí ìbàjẹ́ gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ìdáàbòbò.

Àwọn míì á ní àwọn máa kàn fi ẹ̀dà kún un, tí ọ̀kan bá kú èkejì á gbà á. Ó dáa, àmọ́ ẹ wo ibi tí àwọn ẹ̀dà náà ti pàdé. Ọkọ̀ òfúrufú DC-10 kan ti iléeṣẹ́ United ní Amẹ́ríkà, tó ń rin ìrìn àjò tí wọ́n pè ní 232 ní July 19, 1989, ọ̀nà mẹ́ta ló ní tí ọ́ìlì ń gbà lọ yí apá àti ìrù ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan lè dá ṣiṣẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ìrù fọ́, irin tó ta gé páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí wọ́n kóra jọ sí ìrù níbì kan náà. Èèyàn 112 kú, 184 yè é torí bí àwọn awakọ̀ òfúrufú náà ṣe fi ẹ́ńjìnnì méjì tó kù darí ẹ̀. Mẹ́ta lórí pépà, ọ̀kan ṣoṣo níwájú irin tó ń fò.

Therac-25 náà nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ tó ṣáájú ẹ̀ ní ìdè irin àti wáyà tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán tó lágbára jáde láìtọ́. Nínú èyí, wọ́n yọ ìdè yẹn kúrò, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́ sọ́fítíwíà, àṣìṣe inú sọ́fítíwíà náà sì jẹ́ kí èèyàn mẹ́fà gba ìtànṣán tó pọ̀ jù láàárín 1985 sí 1987, àwọn kan lára wọn kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ohun ìdáàbòbò kan kúrò lára ẹ̀rọ nítorí pé kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá òun ló ń bo àṣìṣe míì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa tún un ṣe ni mo fẹ́ fi kún un, torí àwọn la máa ń gbàgbé jù. Níbo ni sípánà máa gbà wọlé? Ṣé ọwọ́ èèyàn lè dé bọ́ọ̀tì yẹn nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti wà ní ìdúró ẹ̀? Ohun tó máa tètè jẹ, bíi bérìn àti síìlì, ẹ fi sí ibi tí wọ́n á ti rí i yọ láìtú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀. Nǹkan méjì tó jọra tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi pààrọ̀ ara wọn, ẹ ṣe ojú wọn kí ọ̀kan máà lè wọ ibi èkejì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, torí òru ni ẹni tó máa tún un ṣe máa wà níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, epo á sì ti bo ìwé yẹn.

Kẹ́ ẹ sì kọ ìdí sílẹ̀. Àwòrán máa ń sọ pé irin ibí yìí nípọn tó milimítà 12, kì í sọ ohun tó fà á. Ní tèmi o, ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìdè tó bá ń gbé ẹrù ni mo ti máa ń kọ ẹrù tí mo ṣírò fún un, ibi tí ẹrù náà ti ń bọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀ àti ojú ewé tí ìṣirò ẹ̀ wà, kí ẹni tó bá fẹ́ yí i padà lẹ́yìn mi lè mọ ìṣirò tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe.